Bí a ṣe ń yọ eégbọn lára, àti ohun tó yẹ ká ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀

Nígbà òjò ni eégbọn màlúù máa ń pọ̀ jù ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí ní Àbújá. Láti bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, koríko á ti ga dé orúnkún lẹ́bàá ọ̀nà Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada, màlúù á máa gba àárín àdúgbò kọjá, eégbọn á sì máa já bọ́ lára wọn sínú koríko tí àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Ilé tó bá ní ajá kò tilẹ̀ mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Eégbọn ajá lè máa gbé inú ilé yípo ọdún.

Àwọn ará wa tó ń gbé Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Kánò àti agbègbè wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan wà tó ń dùn mí gan-an. Ibà tí eégbọn fà, wọ́n á fi oògùn ibà ẹ̀fọn lé e lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún fi ti táífọ́ọ̀dù kún un, ara ò ní yá, owó á ti lọ, kò sì ní sí ẹnì kan tó máa béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé, “Ṣé nǹkan kan bù ọ́ jẹ láìpẹ́ yìí?” Ẹni tó bá yọ eégbọn bó ṣe yẹ, tó rántí ọjọ́ tó yọ ọ́ àti ibi tó ti kó o, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà, ó ti ran dókítà náà lọ́wọ́ ju bó ṣe rò lọ.

Àìsàn wo gan-an ni eégbọn ilẹ̀ yìí ń gbé?

Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ eégbọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àìsàn Lyme ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, àyà rẹ̀ á sì já. Ẹ fara balẹ̀. Lyme kì í ṣe àìsàn ìhín. Ìlú kan tó ń jẹ́ Lyme, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ náà ti wá, torí ní agbègbè yẹn ni wọ́n ti ṣàkíyèsí ní nǹkan bí ọdún 1975 pé orúnkún àwọn ọmọdé ń wú, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 1981 ni Willy Burgdorfer rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á nínú eégbọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ kòkòrò náà ní Borrelia burgdorferi. Eégbọn tó ń gbé e kiri, Ixodes, inú igbó tútù ló fẹ́ràn: Amẹ́ríkà, Kánádà, Yúróòpù, apá kan Éṣíà, àti àwọn ibi tó tutù ní Tùnísíà àti Àlùjíríà ní àríwá Áfíríkà. Ẹni tí kò kúrò ní Nàìjíríà, tí eégbọn so mọ́ lẹ́sẹ̀ ní Gwarinpa, kò yẹ kí Lyme máa gba oorun lójú rẹ̀.

Tiwa wà lọ́tọ̀, kò sì rọrùn. Eégbọn màlúù ńlá kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ mèremère, Amblyomma variegatum. Òun ló ń gbé Rickettsia africae, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà eégbọn. Eégbọn ajá, aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní bátànì kankan lẹ́yìn, lè gbé ìbátan kòkòrò yẹn, Rickettsia conorii. Èyí tó burú jù ni ibà ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crimea-Congo. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, eégbọn Hyalomma ló sì ń gbé e. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì náà lára màlúù àti eégbọn ní Nàìjíríà. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá mú tó sì gbé dé ilé ìwòsàn, ó lè pa ẹnì kan, ó sì lè pa tó mẹ́rin.

Hyalomma rọrùn láti dá mọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun ní oríkèéríkèé. Kì í lúgọ sórí koríko bí àwọn eégbọn mìíràn ṣe ń ṣe. Ó máa ń sáré nílẹ̀ tẹ̀lé ẹran àti èèyàn. Torí náà, abẹ́ igi tí màlúù ti ń sinmi lọ́sàn-án kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ tẹ́ ẹní sí.

Kí ẹ tó wọ inú koríko

Ẹ̀yin tó ń lọ sóko, ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n pín sí abúlé, ẹ̀yin tó fẹ́ràn láti gun òkè tàbí kí ẹ ṣeré lọ sí etí Usuma Dam, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn aláwọ̀ tó mọ́lẹ̀, kí eégbọn lè hàn lára rẹ̀. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ó lè má wuni lójú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni eégbọn ti ń gun èèyàn bọ̀, ìbọ̀sẹ̀ yẹn á sì dá a dúró síta. Ẹ fi oògùn alé-kòkòrò tó ní DEET pa ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Èyí tó ní permethrin, aṣọ àti bàtà nìkan ni wọ́n ń fín in sí, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi pa ara, ẹ má sì jẹ́ kí ológbò sún mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù, ó lè pa á. Àárín ọ̀nà ni kí ẹ máa rìn. Ó tán.

Bí ẹ bá wọlé

Ẹ wẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Kànrìnkàn àti ọṣẹ á gbá èyí tí kò tíì so mọ́ ara dànù. Ẹ rẹ aṣọ tí ẹ wọ̀ sínú omi gbígbóná, torí omi tútù kì í pa eégbọn.

Ẹ wá yẹ ara wò. Eégbọn kì í so síbi tó bá ṣáà ti rí. Ó máa ń wá ibi tó móoru, tí awọ rẹ̀ rọ̀: abíyá, kọ̀rọ̀ itan, ẹ̀yìn orúnkún, inú ìdodo, ẹ̀yìn etí, abẹ́ ọmú, ìbàdí níbi tí bẹ́líìtì tàbí rọ́bà pátá dì mọ́. Bí ọmọbìnrin bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ sún ìlẹ̀kẹ̀ náà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá di irun, ẹ fi ìka tọ àárín irun náà láti iwájú dé ìpàkọ́. Èyí tó ṣì kéré kì í ju hóró yanrìn lọ, torí náà ìka lè rí ohun tí ojú ò rí. Ọmọdé ò lè yẹ ara rẹ̀ wò. Ìyá tàbí bàbá ló ni iṣẹ́ yẹn, lójoojúmọ́ nígbà òjò, bí ẹ ṣe ń wẹ̀ wọ́n.

Bí a ṣe ń yọ ọ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti kà á dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ìpalára ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ojú. Kò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan kí ẹ fi sínú àpótí oògùn ilé, kó má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ máa wá a lọ sọ́jà. Ẹ fi sípírìtì nù ún. Ẹ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú gba eégbọn náà mú níbi orí rẹ̀, níbi tó ti sún mọ́ awọ jù. Ẹ má di ikùn rẹ̀ tó ti wú mú. Ẹni tó bá fún ikùn eégbọn, ńṣe ló ń tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó so mọ́.

Ẹ wá máa fà á bọ̀ lókè ṣánṣán, pẹ̀lú agbára kan náà, láìjá a gbà lójijì, láìlọ́ ọ. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́. Ẹ ní sùúrù fún un, awọ á kọ́kọ́ bá a gbéra sókè, lẹ́yìn náà ó máa já. Ẹnu eégbọn màlúù gùn, ó sì máa ń wọlé jinlẹ̀, nígbà mìíràn ẹnu yẹn á kù sínú awọ. Bó bá ṣe é fi ẹ̀mú mú, ẹ yọ ọ́; bí kò bá ṣe é mú, ẹ fi sílẹ̀, awọ fúnra rẹ̀ á tì í jáde. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ wá a kiri. Egbò tí abẹ́rẹ́ dá sílẹ̀ máa ń burú ju ẹnu eégbọn tó kù lọ.

Bí kò bá sí ẹ̀mú nítòsí, ẹ fi ọ̀rá tàbí tíṣù bo ìka méjì, kí ẹ fi èékánná di orí rẹ̀ mú mọ́ awọ gírígírí, kí ẹ sì fà á lọ́nà kan náà. Ìyẹn sàn ju kí ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín, kí ẹ wá fi sípírìtì nù ún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mú kẹrosíìnì bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà. Kẹrosíìnì, báséláìnì, iyọ̀, ìṣáná tó gbóná, ewé tábà, gbogbo wọn ni àwọn àgbà wa ti lò, èrò wọn sì ni pé eégbọn á fúnra rẹ̀ tú. Bí nǹkan bá ni eégbọn lára bẹ́ẹ̀, ó lè pọ itọ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ara èèyàn kó tó kú, inú itọ́ yẹn gan-an sì ni kòkòrò àìsàn wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àkókò ń lọ. Kòkòrò Lyme sábà máa ń gbà ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ kó tó wọ ara. Àwọn tiwa níbí lè yá jù bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá rí i ni kí ẹ yọ ọ́.

Eégbọn tí ẹ yọ ńkọ́? Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọ ara, ọ̀nà kan nìyẹn tí ibà Crimea-Congo ń gbà ràn. Ẹ jù ú sínú sípírìtì, tàbí kí ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í pinpin. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú fóònù yín, ibi tó so mọ́ lára, àti ibi tí ẹ rò pé ẹ ti kó o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e

Ọ̀pọ̀ eégbọn tó bù wá jẹ kì í fi àìsàn kankan sílẹ̀. Kí ojú ibẹ̀ yún, kó sì wú díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò léwu. Ẹ kò nílò oògùn kankan nígbà yẹn.

Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni ibà. Ibà eégbọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá: ara á gbóná, orí á máa fọ́, ọrùn àti ẹ̀yìn á máa ro ni. Gbogbo ìyẹn jọ ibà ẹ̀fọn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ojú ibi tí eégbọn ti so: èépá dúdú kan á wà níbẹ̀, bí ojú ibi tí iná sìgá ti jó èèyàn, kì í sì í sábà dunni, ìyẹn ni kò fi ń gba àfiyèsí. Ó lè ju ẹyọ kan lọ. Kókó abẹ́ abíyá tàbí ti itan tó wà nítòsí rẹ̀ lè wú. Lára àwa tí àwọ̀ wa dúdú, èépá náà àti ara tó sú máa ń ṣòro láti rí. Ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ pa ara wò.

Bí ibà bá dé, ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn. Òun ló ṣì wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ yìí, ó sì ń pa ọmọdé, torí náà ẹ má fò ó torí pé ẹ rí eégbọn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n á gbà, àbájáde á jáde kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí kò bá sí ibà ẹ̀fọn, tàbí tí ẹ ti lo oògùn rẹ̀ tán tí ara ò sì balẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ bá dókítà kí ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo yọ eégbọn kan ní itan mi. Oko ni mo ti bọ̀. Fọ́tò rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú ibẹ̀.” Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè.

Oògùn tí dókítà sábà máa ń lò fún ibà eégbọn ni doxycycline. Kò wọ́n, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Ara sábà máa ń fúyẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Oògùn ibà ẹ̀fọn kò lè pa Rickettsia, ampicillin àti amoxicillin náà ò ràn án. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tí mo kọ yìí lọ ra á fúnra yín ní kẹ́mísì. Aboyún ní òfin tirẹ̀, ọmọdé ní ìwọ̀n tirẹ̀, dókítà ló sì lè mọ̀ bóyá ohun mìíràn ni.

Ohun kan wà tí kò gba ìdúró. Bí èèyàn bá ní ibà òjijì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí eégbọn bù ú tàbí tó pa ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń jáde ní imú tàbí eyín rẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ sú sábẹ́ awọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ ní wàràǹṣeṣà. Ó lè jẹ́ Crimea-Congo, ó sì lè jẹ́ ibà Lassa. Àwọn méjèèjì ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ má fọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ rẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù nìkan ni kí ẹ fún un fún ara gbígbóná, ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde sí i. Ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Àgbò Iléyá àti ẹran ọ̀sìn

Bí Iléyá bá ku díẹ̀, àgbò láti ọjà Dei-Dei á kún inú ọgbà wa, àwọn ọmọ á máa gùn wọ́n, wọ́n á máa fún wọn ní koríko jẹ. Ẹran tó ní fáírọ́ọ̀sì Crimea-Congo lára kì í ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Torí náà, ẹ tètè ra àgbò bí agbára bá gbé e, kí dókítà ẹran lè fún un ní oògùn eégbọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa pa á. Ẹ bi í léèrè dáadáa iye ọjọ́ tí oògùn yẹn gbọ́dọ̀ lò kí ẹran tó ṣe é jẹ, torí oògùn kan wà tí ó gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pa á, kí alápatà àti gbogbo ẹni tó ń fọ inú ẹran wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ yàgò. Ẹran tó bá jinná dénú kò lè ko èèyàn ní fáírọ́ọ̀sì yìí. Ẹ̀jẹ̀ tútù ló léwu.

Ajá àti ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní eégbọn tó so mọ́ ayínrín nímú, adìẹ kọ́ ni yóò já a. Bẹ́ẹ̀ náà ni, eégbọn ara ajá kì í ṣe ọmọdé ló máa já a. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀mú àti ìbọ̀wọ́ ni kó ṣe é.

Abo eégbọn ajá kan ṣoṣo lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin, inú ihò ògiri, ẹ̀yìn kọ́tínì, abẹ́ ìjókòó àti inú ilé ajá ló sì ń yé e sí. Ó lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wẹ ajá nìkan kò fi lè borí rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ tọ́jú ajá àti ilé. Kí dókítà ẹranko fún ajá ní oògùn tó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun tó ń sùn lé. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó sán lára ògiri. Ẹ fín oògùn eégbọn tí dókítà náà bá yàn sí ilé ajá, kó gbẹ kí ajá tó padà wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un ṣe, torí ẹyin tí oògùn ò pa á ti pa ọmọ. Bí maigádì yín bá jẹ́ Hausa, kaska ni wọ́n ń pe eégbọn. Ẹ sọ fún un kó máa bá yín ṣọ́ ọ.

Oògùn DDVP tí wọ́n fi ń pa aáyán kò yẹ lára ajá rárá. Ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pò ó mọ́ omi láti fi wẹ ajá. Awọ ni ajá fi ń fà á mu, àti ọmọ tó bá dì mọ́ ajá náà.

Bí ajá bá kọ oúnjẹ, tí ìdí eyín rẹ̀ funfun, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí tíì, ó lè jẹ́ pé eégbọn ti kó àìsàn sí i lẹ́jẹ̀. Ó ṣe é wò bí ẹ bá tètè gbé e lọ.

Ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀

Ní ti àwọn ìyá wa tó ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun ní Maryland, New Jersey tàbí Connecticut, ọ̀rọ̀ Lyme kàn wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò ìjọba wọn ni pé nǹkan bí 476,000 èèyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún un lọ́dọọdún. Inú ọgbà ẹ̀yìn ilé, níbi tí ewé gbígbẹ kó jọ sí, lèèyàn ti lè kó o.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí eégbọn bá bu èèyàn jẹ, òbìrìkìtì kan lè jáde lára, á sì máa fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Lára òyìnbó, pupa ló máa ń jẹ́. Lára tiwa, ó lè dà bí ojú ibi tí èèyàn ti fara gbá, kó kàn dúdú díẹ̀ ju awọ tó kù lọ. Torí bẹ́ẹ̀, àìsàn náà ti máa ń wọ aláwọ̀ dúdú lára kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rí i tàbí tí kò tọ́jú ara lè wá rí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé orúnkún kan wú, pé ẹ̀gbẹ́ ojú kan rọ, tàbí pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège.

Ọ̀pọ̀ wọn á ti padà sí Àbújá nígbà yẹn. Dókítà tó ń wò wọ́n ní Àbújá kò ní ronú kan Lyme rárá, orúnkún ìyá àgbà tó wú, àrùn oríkèé ara tàbí ọjọ́ orí ló máa kà á sí. Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé ẹ lọ sí Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ tí ẹ gbé, oṣù tí ẹ lọ àti èyí tí ẹ dé, bóyá ẹ rí eégbọn lára tàbí ẹ ò rí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún Lyme kì í sábà gbé e jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí náà bí òbìrìkìtì yẹn bá ti wà lára, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de láàbù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí fífẹ̀ rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín àti dókítà lọ́jọ́ kan náà.